Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ̀bẹ̀ Habeas Corpus ní Amẹ́ríkà

Bí ẹlẹ́wọ̀n ìpínlẹ̀ bá gbé ẹ̀bẹ̀ habeas corpus lọ sí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, adájọ́ ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó ní kí ìpínlẹ̀ fèsì. Ní 1982, nínú ẹjọ́ Rose àti Lundy, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé bí àwíjàre kan tí ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kò tí ì gbọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí a dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìyẹn kò nira púpọ̀ títí òfin 1996 fi dé, tí ó fún ẹlẹ́wọ̀n (ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní agbẹjọ́rò) ní ọdún 1 péré. Ọdún náà kì í sì í dúró nígbà tí ẹ̀bẹ̀ bá wà níwájú adájọ́ àpapọ̀; ẹni tí a dá padà lè bá ilẹ̀kùn ní títì. Láti 2005 ni adájọ́ ti lè dá ẹ̀bẹ̀ dúró, bí ìdí gidi bá wà, kí ẹlẹ́wọ̀n fi parí ti ìpínlẹ̀.