Ara Ni Ojú Owó: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọdún Jẹ Ẹ́

Ọdún Kérésìmesì dé tán, ọjà ń yá, àríyá ń pọ̀. Àsìkò yìí náà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń pa ìrìn òwúrọ̀ tì, tí a ó ní, "Ó di ọdún tuntun." Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kò mọ ọdún, kì í sì í kígbe kó tó gbé èèyàn ṣubú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe eré ìdárayá lọ́sẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún ni. Ẹ lè rin 10 kí ẹ tó ṣí ìsọ̀, kí ẹ rin 20 lálẹ́.

Báwo la ó ṣe dúró lórí rẹ̀? Bí a ti ń dá àjọ ni. Ẹni tó ń dá owó sínú kóló nìkan, ó lè fọ́ ọ nígbàkígbà. Ẹni tó ń dá a lójú ẹgbẹ́, ojú á tì í láti sá. Nítorí náà, ẹ mú ẹnì kan nínú ọjà, kí ẹ gba káàdì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ẹ bá rìn, kí ó fàlà sí tiyín. Ọjọ́ tí ẹ kò bá rìn, kí ó fi í sílẹ̀ lófìfo. Kí ẹ̀yin náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún un.

Bí ọjọ́ kan bá yẹ̀, ẹ má sọ káàdì nù. Ẹ san án lọ́jọ́ kejì bíi gbèsè.

Ara ni ojú owó wa. Ẹni tó bá ná ojú owó tán, kí ni yóò fi ná ọjà ọdún tó ń bọ̀?