Nígbà tí Oògùn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Bá Kan Ọ̀rọ̀ Lọ́kọláya

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í sọ ní gbangba, tí ó sì ń da ilé rú. Àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú obìnrin kan lẹ́yìn ìbímọ. Dókítà fún un ní oògùn. Ẹkún dá, oorun padà, ó tún ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ bá fọwọ́ kàn án lóru, ara rẹ̀ kò dáhùn mọ́. Ọkọ rò pé ìyàwó òun kò fẹ́ òun mọ́; ìyàwó rò pé òun kì í ṣe obìnrin mọ́. Kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì.

Kí ni ó fà á?

Púpọ̀ nínú àwọn oògùn tí a ń lò fún àìsàn yìí, irú bíi fluoxetine, sertraline àti paroxetine, máa ń mú kí iṣẹ́ èròjà kan tí ń jẹ́ serotonin pọ̀ sí i nínú ọpọlọ. Èyí lè gbé ọkàn sókè, kí ó sì tún dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ kù. Ojú ara lè gbẹ. Adùn lè pẹ́ kí ó tó dé, tàbí kí ó má dé rárá. Bí ó bá jẹ́ ọkọ ni ó ń lo oògùn náà, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ lè má le dáadáa, àtọ̀ sì lè pẹ́ kí ó tó jáde.

Síbẹ̀, kì í ṣe oògùn nìkan ni ó lè fà á. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fúnra rẹ̀ a máa pa ìfẹ́ kú. Ọmú fífún a máa mú ojú ara gbẹ. Àárẹ̀ àti àtọ̀gbẹ náà ní ipa tiwọn. Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn àti ọjọ́ tí ìyípadà dé sínú ìwé, kí dókítà lè rí i.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má ṣe dá oògùn dúró lójijì. Òòyì, èébì àti àìróorunsùn lè tẹ̀lé e, àìsàn náà sì lè padà. Ẹ má ṣe da àgbo tàbí oògùn agbára mọ́ ọn láìsọ fún dókítà.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ sọ fún dókítà. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ kọ ọ́ sí ìwé kí ẹ sì fà á lé e lọ́wọ́. Ó lè ní kí ẹ mú sùúrù díẹ̀, nítorí ara àwọn mìíràn a máa mọ́ oògùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, tàbí kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Mirtazapine àti bupropion kì í sábà fa ìṣòro yìí tó paroxetine. Bí ẹ bá ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni sertraline tí ń wọ inú omi ọmú.

Fún gbígbẹ ojú ara, ẹ ra ohun ìmúyọ̀ olómi ní ilé oògùn. Bí ẹ bá ń lo rọ́bà ìdáàbòbò, ẹ má ṣe fi òróró tàbí fasilíìnì sí i, nítorí wọ́n ń jẹ́ kí ó bẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe baba ọmọ yín jókòó lọ́sàn-án, kì í ṣe lórí ibùsùn. Ẹ wí pé: “Bàbá Kúnlé, ẹ má bínú. Ọkàn mi ò kúrò lọ́dọ̀ yín. Oògùn tí mò ń lò ni ara mi ò tíì mọ́.” Ẹ ní kí ó bá yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí ara tó padà bọ̀ sípò, ìfọwọ́kọ́rùn àti ọ̀rọ̀ dídùn kò gbọdọ̀ wọ́n nínú ilé.

Ṣùgbọ́n bí èrò ikú, tàbí èrò láti pa ọmọ lára, bá wọ ọkàn yín, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ sọ fún ẹnìkan, kí ó sin yín dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìlera ọkàn ìyá àti ìfẹ́ lọ́kọláya kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan ra èkejì nígbà tí ọ̀nà wà láti ní méjèèjì.