Òjó ní Prince George's County: Ìdí tí Orúkọ Àmútọ̀runwá Kan Fi Di Ọ̀wọ́n

Ní Prince George's County ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá tẹ̀dó sí láti Hyattsville títí dé Bowie, kò ṣòro láti rí ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Òjó. Ọmọkùnrin tuntun tí wọ́n sọ ní Òjó ni ó wá di ọ̀wọ́n bí ojú. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé orísun orúkọ náà àti ohun tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Kókó rẹ̀ ni pé irú ìbí tí ń mú Òjó wá kò dínkù. Ìròyìn ìbí náà ni kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń sọ ọmọ lórúkọ mọ́.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá orúkọ àbísọ mu, nítorí ipò, iṣẹ́ tàbí ẹ̀sìn ìdílé ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń sọ. Ní ti orúkọ àmútọ̀runwá, ìbí là ń wò. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde nínú ìbejì ni Táíwò, ẹni tó tẹ̀ lé e ni Kẹ́hìndé. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè, èyí tó dojú bolẹ̀ ni Àjàyí. Ọmọkùnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni Òjó. Obìnrin irú rẹ̀ ni Àìná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ibòmíràn ọkùnrin náà ń jẹ́ Àìná. Samuel Johnson to àwọn orúkọ wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ nínú The History of the Yorubas, ìwé tó kọ tán ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń gbìyànjú láti fọ́ Òjó sí wẹ́wẹ́ bí ẹni fọ́ Olúwaṣeun yóò kàn ṣe wàhálà lásán ni. Ìtumọ̀ orúkọ náà kò sí nínú ègé ọ̀rọ̀. Ìròyìn bí ọmọ ṣe wáyé ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Irú ìbí yìí kì í ṣe ohun ìyanu. Gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ ìṣègùn ti fi hàn, nínú 100 ọmọ tí a bá bí, bíi 20 sí 30 ni ìwọ́ máa ń wé mọ́ lọ́rùn. Púpọ̀ nínú wọn ni kò fara pa: agbẹ̀bí yóò fi ìka yọ ìwọ́ náà kọjá orí ọmọ, iṣẹ́ yóò sì máa lọ. Nígbà tí ilé ni a ti ń bímọ, ìyá àgbà tó gbẹ̀bí jẹ́ ará ilé tàbí aládùúgbò, ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ ni yóò sì fi pe ọmọ. Ní ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà, ohun tí agbẹ̀bí ń rí lójoojúmọ́ ni, kò sì sí ohun tó sọ fún un pé orúkọ ọmọ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ abẹ, èyí tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí bí ọmọ kan nínú mẹ́ta ní orílẹ̀-èdè náà, aṣọ tí wọ́n ta síwájú ìyá kì í jẹ́ kí ó rí nǹkan kan.

A lè fi orúkọ méjì mìíràn wé e. Ní ti Ìgè, ìbí gan-an ni ó yí padà. Bíi 3 tàbí 4 nínú 100 ọmọ tí oṣù wọn pé ni kì í dorí kodò nínú oyún. Lẹ́yìn ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000 nínú The Lancet, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń ṣe fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Amẹ́ríkà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ fi kéré jọjọ. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ kò nílò ẹlẹ́rìí, nítorí ojú gbogbo ayé ni ìbejì wà. Victor Oladipo, eléré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó dàgbà ní Upper Marlboro, tó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ DeMatha ní Hyattsville, ní ìbejì obìnrin. Kehinde Babatunde Victor Oladipo ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Òjó wà láàárín àwọn méjèèjì: ìbí rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n àmì rẹ̀ kì í pẹ́ lára ọmọ.

Àwọn ìdí mìíràn tún wà. Ìwé ìjọba sọ orúkọ baba ńlá di orúkọ ìdílé, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lára Bọ́lá Ìgè àti J. F. Adé Àjàyí. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ fẹ́ràn orúkọ tó dárúkọ Olúwa. Ilé ìwòsàn tún máa ń béèrè orúkọ kí ìyá àti ọmọ tó lọ sílé, èyí tó sábà ṣáájú ọjọ́ kẹjọ, nítorí náà òbí ti máa ń yan orúkọ sílẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ àmútọ̀runwá gan-an ni kò nílò ọjọ́ kẹjọ, torí pé ọmọ náà ló gbé e wá.

Kíka orúkọ náà pàápàá ṣòro. Àkójọ orúkọ ọmọ tuntun tí àjọ Social Security ń gbé jáde lọ́dọọdún kì í ka orúkọ tí ọmọ tó ń jẹ́ ẹ kò bá tó 5. Kò sì sí àmì ohùn nínú rẹ̀. Bí a bá yọ àmì kúrò, Òjó, òjò tó ń rọ̀ àti ojo tí kò nígboyà di ọ̀kan náà lójú ẹni tí kò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Òbí tó bá ronú èyí lè fà sẹ́yìn.

Ohun tó ń sọnù níbí ju ìró orúkọ lọ. Ẹni tó ń jẹ́ Òjó mọ̀ pé òun gba inú ewu kọjá ní wákàtí àkọ́kọ́ òun, àti pé ọwọ́ ẹnìkan tú ìwọ́ náà kúrò lọ́rùn òun. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí náà kò jìnnà. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin ló ń dúró ti aboyún nígbà ìrọbí. Lónìí, baba ọmọ sábà máa ń wà nínú yàrá ìbí ní Maryland. Bí kò bá rí i fúnra rẹ̀, ó lè bi agbẹ̀bí bóyá ìwọ́ wé mọ́ ọmọ náà lọ́rùn.