Pàṣípààrọ̀ àkọsílẹ̀ ìlera orí kọ̀ǹpútà

Pàṣípààrọ̀ àkọsílẹ̀ ìlera orí kọ̀ǹpútà ni fífi àkọsílẹ̀ nípa aláìsàn ránṣẹ́ láti inú sọ́fítíwia kan sí òmíràn, lọ́nà tí èyí tó gbà á yóò fi lè kà á tí yóò sì lóye rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un tẹ̀. A nílò rẹ̀ nítorí pé ilé-ìwòsàn, yàrá àyẹ̀wò àti ilé ìtajà oògùn tí aláìsàn kan ń lọ lè máa lo sọ́fítíwia ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìṣòro ìtumọ̀

Kí ìsọfúnni dé nìkan kò tó. Ìtumọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a dé. Ní Amẹ́ríkà, mg/dL ni wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n mmol/L ni wọ́n ń lò ní Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan. 1 mmol/L tó nǹkan bí 18 mg/dL. Nítorí náà, 5 mmol/L jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n 5 mg/dL jẹ́ ewu ikú. Bí nọ́ḿbà 5 bá dé láìní ìwọ̀n rẹ̀, ó lè ṣi dókítà lọ́nà.

Àwọn ìlànà

Ní ọdún 1987 ni wọ́n dá àjọ Health Level Seven, tí a mọ̀ sí HL7, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nínú ẹ̀yà kejì ìlànà HL7, ìlà-ìlà ni a ń kọ iṣẹ́ tí a fẹ́ rán: ìlà MSH ń sọ ibi tí iṣẹ́ ti wá, PID ń sọ ẹni tí aláìsàn jẹ́, OBX sì ń gbé èsì àyẹ̀wò. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún oníkálukú láti lò ó bó ṣe wù ú, débi pé ilé-ìwòsàn méjì tó ń lò ó lè máà gbọ́ ara wọn yé.

Ní ọdún 2011, Grahame Grieve, ará Austrálíà, dábàá ìlànà tuntun tó di FHIR. Ọ̀nà tí ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà ṣiṣẹ́ ni ó ń tọ̀: aláìsàn, oògùn àti àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀.

Àwọn kóòdù àjùmọ̀lò ń ṣọ́ ìtumọ̀. Nínú LOINC, 2345-7 dúró fún ṣúgà inú omi ẹ̀jẹ̀ tí a fi ìwúwo wọ̀n, bíi mg/dL. 14749-6 sì ni ti èyí tí a fi móòlù wọ̀n, bíi mmol/L.

Òfin

Ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni ìdènà. Ẹni tó ní àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ lè kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Òfin 21st Century Cures ti ọdún 2016 ka irú ìdènà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà, àyàfi níbi tí ìdí tó bófin mu bá wà, bíi dídáàbò bo àṣírí aláìsàn.