Ọmọ yín mọ odò wẹ̀ bí? Ẹ rántí Òkè-Àfà o!

Ẹ̀yin òbí Àtàn-Ọ̀tà, “Má sún mọ́ odò!” tẹ́ ẹ máa ń sọ fọ́mọ yín dáa, àmọ́ kò tó. Lọ́jọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2002, bọ́ǹbù bú gbàù ní báráàkì ṣọ́jà n’Ìkẹjà. Bí àwọn èèyàn ṣe ń sá kiri lóru ni wọ́n já sódò kánáàlì Òkè-Àfà. Ewéko ti bo omi ọ̀hún, ilẹ̀ ni wọ́n pè é. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú síbẹ̀, tọmọdé tàgbà. Ká ní wọ́n mọ odò wẹ̀ ni, àwọn mìíràn ìbá yè é.

Bẹ́ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́ ọmọ yín. Ẹ má gbé e lọ sódò Àtùwàrà, ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ń ṣàn sínú ẹ̀. Ibi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tómi ẹ̀ mọ́, tí kò ju àyà ọmọ lọ, ló dáa. Kó kọ́kọ́ kojú bọmi, kó máa fẹ́ èémí jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ gbé e lẹ́yìn, kó nà gbalaja títí táá fi lè léfòó fúnra ẹ̀. Ẹsẹ̀ títa ló kàn. Ẹ má tì í sómi lójijì o, ẹ̀rù lẹ̀ ń kọ́ ọ yẹn!

Ẹ má sì fi í sílẹ̀ níṣẹ̀ẹ́jú kan. Àwọn àgbà ló sọ ọ́: òmùwẹ̀ ló ń bódò lọ.