Róòsì Aṣálẹ̀ ní Àgbàlá Ilé Ouagadougou

Róòsì aṣálẹ̀ jẹ́ igi òdòdó kúkurú tí ìdí rẹ̀ máa ń wú bí ti igi oṣè, tí òdòdó rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sì máa ń yọ nígbà tí ewé kankan kò tíì sí lórí ẹ̀ka. Ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Senegal títí dé Sudan àti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ni ilé rẹ̀, ó sì wà ní ilẹ̀ Lárúbáwá pẹ̀lú. Burkina Faso bọ́ sáàárín ilẹ̀ yìí. Adenium obesum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Peter Forsskål, tó bá ikọ̀ ìwádìí ọba Denmark lọ sí Yemen, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ Yúróòpù. Yemen náà ló kú sí lọ́dún 1763. Ọdún 1775 ni ìwé rẹ̀ tó jáde.

Ọ̀pọ̀ òdòdó tí àwọn ará Yúróòpù àti Ṣáínà ń gbé gẹ̀gẹ̀ kò lè rọ́wọ́ mú ní Ouagadougou. Àpẹẹrẹ kan ni píónì. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń sùn sí nígbà òtútù, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ òtútù líle kí èèhù rẹ̀ tó lè di òdòdó. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí ọyẹ́ ń mú àwọn ará Ouagadougou wọ ẹ̀wù òtútù, òru ṣì máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 16 Celsius. Ní Ẹrẹ́nà àti Igbe, ọ̀sán lè kọjá 40. Ẹni tó bá gbin píónì síbẹ̀, ewé ló máa rí, bó bá tilẹ̀ rí i. Àsìkò ooru yẹn gan-an ni ti róòsì aṣálẹ̀.

Ọ̀dá kì í sábà rí i pa. Omi ló ń pa á. Inú ìdí tó wú yẹn ló ń tọ́jú omi sí, ó sì lè gbára lé e fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ewé rẹ̀ bá ti rẹ̀ dànù. Bí omi bá dúró yí gbòǹgbò rẹ̀ ká, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti ìsàlẹ̀. Ìdí á rọ̀, ewé á pọ́n, ẹni tó ni ín á sì rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún bu omi sí i.

Òjò ìlú yìí kò pọ̀, nǹkan bíi 700 sí 800 mìlímítà lọ́dún, ṣùgbọ́n láàárín Òkúdu sí Ọwẹ́wẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ń rọ̀, ó sì máa ń ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2009, 263 mìlímítà rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta òjò ọdún kan. Ilé wó, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì di aláìnílé. Kò dìgbà tí àgbàrá bá tó bẹ́ẹ̀ kó tó ba òdòdó yìí jẹ́. Òjò ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra ti tó, bí yangí abẹ́ ilẹ̀ kò bá jẹ́ kí omi wọlẹ̀.

Nítorí náà, orí ebè gíga tàbí inú ìkòkò ló yẹ ẹ́. Ìkòkò amọ̀ dára ju ike lọ, nítorí ó máa ń tètè gbẹ. Kí ihò tó dáa wà nídìí rẹ̀. Ìdajì ohun tí a ó rọ sínú rẹ̀ kí ó jẹ́ yanrìn oníhóró tàbí yangí tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́, ìyókù kí ó jẹ́ ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà kúnná. Ibi tí oòrùn ti ń pa á fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó kéré tán, ni kí wọ́n gbé e sí. Lábẹ́ ibòji dóńgóyárò, á kàn máa ga tẹ́ẹ́rẹ́ láìní òdòdó.

Bí ọyẹ́ bá dé ní Bélú, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín á sì rò pé ó ti kú. Kí wọ́n kàn fi ọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀ wò: bó bá ṣì le, ó wà láàyè. Lákòókò yìí, omi díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Nígbà tí ooru bá padà, tí èèhù sì yọ, kí wọ́n bomi rin ín dáadáa, kí wọ́n sì dúró kí erùpẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó tún bu omi mìíràn. Nígbà tí òdòdó àkọ́kọ́ bá ti rẹ̀, ó dára kí wọ́n gé ẹ̀ka tó gùn jù, torí ṣóńṣó ẹ̀ka tuntun ni òdòdó ti ń yọ. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí ìkòkò wọ abẹ́ páànù.

Nígbà gígé yìí ni ewu wà. Oje rẹ̀ ní oró tó ń kọlu ọkàn. Àwọn ọdẹ ní ilẹ̀ Sàhẹ́lì, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ gúúsù Sàhárà yẹn, máa ń se èèpo àti gbòǹgbò rẹ̀ fi ṣe oró ọfà, wọ́n sì ń fi í pa ẹja nínú odò. Ẹni tó bá gé e kò gbọdọ̀ fọwọ́ nu ojú kó tó fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Ilé tí ọmọ tó ń rá wà, tàbí tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ kiri, kí wọ́n gbé ìkòkò náà sókè.

Kóró ló dára jù láti fi gbìn ín. Èso rẹ̀ máa ń rí bí ìwo méjì. Kí wọ́n fi okùn dì í kó tó là, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, atẹ́gùn á kó kóró tó ní irun lórí-nídìí yẹn lọ. Kóró tútù ń hù láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀ka tí wọ́n gé gbìn náà ń hù, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í wú tó ti kóró. Àwọn olùgbin òdòdó ní Thailand àti Taiwan ti mú oríṣi olódòdó ìlọ́po àti aláwọ̀ pupa dúdú jáde, tí wọ́n ń so ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ ìdí èyí tí wọ́n fi kóró gbìn. Wọ́n lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ wa ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kòkòrò ajẹwé ńlá kan, ọmọ irú labalábá òru kan, lè jẹ ewé rẹ̀ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi ṣà á. Fún àwọn kòkòrò funfun tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, omi ọṣẹ tí wọ́n pò mọ́ òróró dóńgóyárò ń ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín kó ra ọ̀gbìn tí wọ́n fi kóró hù lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú òdòdó tà. Kó má ṣe wú ti inú igbó, nítorí gbòǹgbò tó bá ṣẹ́ máa ń jẹrà, igbó á sì pàdánù igi tó ti gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dàgbà.