Owó Epo Alaska: Tọmọdé Tàgbà Ló Ń Gbà Á

Lóṣooṣù ni àwọn ìpínlẹ̀ wa ní Nàìjíríà máa ń wojú Àbújá kí owó tó dé, nítorí ìjọba àpapọ̀ ló ni epo, ibi yòówù kí wọ́n ti wà á. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní Alaska, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà lókè téńté níhà àríwá. Ẹja ń mówó wọlé níbẹ̀, àmọ́ epo lọba, ìpínlẹ̀ náà ló sì ni èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ìjọba rẹ̀.

Ọdún 1968 ni wọ́n rí epo rẹpẹtẹ ní Prudhoe Bay, létí òkun tó máa ń di yìnyín. Lọ́dún kejì, ìpínlẹ̀ náà gba mílíọ̀nù 900 dọ́là lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wa epo, kò sì pẹ́ tí owó náà fi tán. Ó dun aráàlú. Ní 1976, wọ́n dìbò kọ ọ́ sínú òfin ńlá ìpínlẹ̀ wọn pé ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó tọ́ sí ìpínlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni epo àti ohun àlùmọ́nì yóò máa wọ àpò kan, Alaska Permanent Fund. Bí oko kòkó ẹbí ló rí: ẹ lè pín èso, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi. Wọ́n ń fi owó náà dòwò, èrè rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì lè ná. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ojú owó, àfi kó padà lọ bẹ aráàlú kí wọ́n dìbò. À bá ní irú òfin yìí nígbà tí owó epo ń ya wọlé fún wa láàárín ọdún 1970 sí 1980!

Láti 1982 ni wọ́n ti ń pín nínú èrè náà fún ẹni tó bá ti gbé ibẹ̀ fún odindi ọdún kan, tí kò sì ní in lọ́kàn láti kó lọ. Òbí ló ń kọ fọ́ọ̀mù fún ọmọdé. Ní 2022, 3,284 dọ́là ló kan ẹnìkọ̀ọ̀kan: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta gba 16,420 lábẹ́ òrùlé kan. Bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ náà kì í gba owó-orí lórí owó oṣù.

Àmọ́ òfin ńlá yẹn kò sọ iye tí wọ́n máa pín. Ọwọ́ gómìnà àti ọgọ́ta aṣòfin ló wà, ní Juneau, olú-ìlú tí títì ọkọ̀ kankan kò já sí láti ìlú mìíràn. Bàlúù tàbí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń bá débẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà wà lọ́dọọdún. Epo tó ń jáde ti dín kù, ilé-ìwé àti ọ̀nà sì ń fẹ́ owó, èrè kan náà ni gbogbo wọn ń jìjà dù. Ní 2016, Gómìnà Bill Walker gé iye tó kan ẹnìkọ̀ọ̀kan sí nǹkan bí ìdajì, aráàlú sì bínú gidigidi. Mike Dunleavy fi ìlérí owó tabua polongo ìbò gómìnà ní 2018, ó sì wọlé. Ní 2025, 1,000 dọ́là ló kan ẹnìkọ̀ọ̀kan.